Àwọn Ọkọ̀ Tó Ń Lọ Tí Wọn Ò Lọ

Mọ́ńdè, 9 Oṣù Kẹfà

Mo ti dé Mutulani. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ àárọ̀. Èmi Syombua, èmi nìkan ni wọ́n fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, láìsí ọ̀gá kankan tó máa dúró tì mí. Ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín ti wà lórí fẹ́ǹsì ilé-ìwé Kyeni. Kámẹ́rà tó ń ka ọkọ̀ náà ti wà lórí òpó lẹ́nu gáréèjì mátátù, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré akérò, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí gáréèjì ti já sí títì. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà sílẹ̀, ó gba ẹnu gáréèjì àti títì kọjá. Ọkọ̀ tó bá ti sọdá ìlà yẹn, kámẹ́rà á kà á. Èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà. Àwọn agbèrò kóra jọ sísàlẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi. Mo sọ fún wọn pé ṣòkòtò ni mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe.

Ìgbìmọ̀ ìlú máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ títì ńlá tó ń lọ Nairobi ló ń fi èéfín dá àwọn ọmọ yìí lóró, wọ́n máa ti ilé-ìwé náà pa, torí kò sẹ́ni tó lè gbé títì kúrò lójú ibi tó wà. Òdìkejì odò ni àwọn ọmọ á máa lọ kàwé. Àwọn kíláàsì kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún márùn-ún, ẹsẹ̀ wọn ò lè gbé wọn débẹ̀, ilé ni wọ́n máa jókòó sí. Gáréèjì ni wọ́n á fún ní ilẹ̀ náà kó fi fẹ̀ sí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibòmíì ni èéfín ti ń wá, ilé-ìwé ò lọ síbì kankan.

Mádáàmù Kavutha, ọ̀gá ilé-ìwé, kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi, ó sì padà sí kíláàsì.

Wẹ́sìdeé, 11

Òtútù. Kùrukùru bo òkè, kò ká títí di ọ̀sán. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde ga débi pé mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo nù ún, mo pa á, mo tún un tàn. Kò bàjẹ́.

Fúráìdeé, 13

Mo ti rí i! Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe àárọ̀ kùtù, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ni èéfín ń pọ̀ jù. Ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, lásìkò tí àwọn ọmọ bá jáde ṣeré, kí nọ́ńbà tó fò sókè. Mo wá wo ohun tí kámẹ́rà kà. Àṣé lásìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ ń pọ̀ jù. Ọkọ̀ rẹpẹtẹ! Tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, èéfín á pọ̀. Tí ọkọ̀ bá dín, èéfín náà á dín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí i kó bára mu báyìí rí. Mo jó nínú yàrá mi. Ìyá onílé kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé eku ni.

Mo pe Ọ̀gá Kiprono tó rán mi níṣẹ́ yìí, ní Nairobi. Inú tiẹ̀ náà dùn. Ó ní kí n má wulẹ̀ dúró dìgbà tí gbogbo iṣẹ́ bá parí, kí n fi ohun tí mo ti rí ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ná.

Túsìdeé, 17

Mo ti fi ránṣẹ́. Títì ńlá ni.

Musyimi, agbèrò tó lẹ́nu jù ní gáréèjì, ti sọ mí lórúkọ: Ìyá Èéfín. Tí mo bá ń kọjá, á máa pariwo pé kí ẹni tó bá ní ikọ́ gbé ikọ́ rẹ̀ pamọ́, kí Ìyá Èéfín má lọ kà á mọ́ ti mọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn ju màndàzí, ìyẹ̀fun díndín tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lọ, èyí tó ti kéré sí i tí owó rẹ̀ ò kéré.

Mọ́ńdè, 23

Ọjọ́ burúkú. Mádáàmù Kavutha wá bá mi nídìí fẹ́ǹsì. Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ sí i pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtikó. Àwọn òbí ti gbọ́, àwọn ìyá kan sì ti wá mú ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì kékeré láàárọ̀ yìí. Ó bi mí bóyá èmi ni mo sọ pé títì ńlá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ohun tí ẹ̀rọ kà nìyẹn.

Mo rò pé ó máa bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Èmi náà ń gbọ́ ariwo mọ́tò lágogo mẹ́wàá, Syombua. Ojoojúmọ́ ni. Mi ò lè pè ọ́ lónírọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ìyá onílé se múthókói, àgbàdo tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, fún oúnjẹ alẹ́, ó fi ẹ̀wà sí i bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo bò ó, mo lọ sùn.

Tọ́sìdeé, 26



Mo fẹ́ lọ ra bátìrì ní Machakos. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Mo rí Àkùkọ, mátátù pupa tí wọ́n ya àkùkọ yẹ́lò sí lára. Ó ti kún, ó ku àyè kan péré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù, ó ti ń yọ imú síta. Musyimi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbà-gbà-gbà, ó ń ké pé ẹnì kan ló kù, ẹnì kan péré, àwọn ti lọ. Mo sáré. Mo kó sínú. Ọkọ̀ sún síwájú, ó sọdá ìlà funfun mi, mo ní ọpẹ́ o, a ti ń lọ. Ó dúró. Ó fi ẹ̀yìn rìn padà. Dẹ́rẹ́bà tẹ iná mọ́ ọn, èéfín dúdú rú gba ojú fèrèsé wọlé. Ó tún sún síwájú. Ó tún padà.

Obìnrin tó jókòó tì mí, tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn, ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun kọjá. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ọkùnrin oníkóòtù tó wà níwájú náà bọ́ọ́lẹ̀. Kí n tó mọ̀, ó ku èmi àti bàbá kan tó ń sùn.

Èrò ẹ̀tàn! Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré! Ìyá mi kì í wọ mátátù láìkọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í wọ sílípáàsì. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń sanwó fún àwọn kan láti jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó ti kún. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ ń díbọ́n pé òun ń lọ. Síbẹ̀ wọ́n mú mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ látinú bàálù.

Inú bí mi gan-an. Mo la ẹnu báyìí kí n bú Musyimi, ni ọkọ̀ bá tún sún síwájú, ni táyà bá tún sọdá ìlà funfun. Mo gbójú sókè. Kámẹ́rà mi ń wò wá látorí òpó. Ẹnu tí mo là ò lè padé mọ́.

Ó ń kà wá. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yìí bá díbọ́n pé òun ti lọ, kámẹ́rà á kà á bí ọkọ̀ míì. Ìlọ ló ń kà, kò ka àbọ̀. Àwọn ọkọ̀ rẹpẹtẹ tí mo sọ pé wọ́n ń gba títì kọjá, Àkùkọ ni! Àkùkọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni!

Mo pariwo. Bàbá tó ń sùn jí, ó ní ṣé a ti dé ni. Mo bẹ́ sílẹ̀, Musyimi na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Ìyá Èéfín, ẹ ti jókòó, ẹ sanwó."

"Ibo lẹ gbé mi lọ tí mo fi máa sanwó?"

"A gbé yín lọ síwájú, a sì dá yín padà. Àlọ àtàbọ̀ nìyẹn."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn lójú gbogbo èrò.

Fúráìdeé, 27

Ọ́fíìsì Mádáàmù Kavutha la jókòó sí látàárọ̀, à ń wo àwòrán tí kámẹ́rà yà. Àkùkọ nìyí, ó jáde. Àkùkọ tún nìyí, ó jáde. Ọkọ̀ búlúù kan jáde, Àkùkọ jáde, ọkọ̀ búlúù yẹn tún jáde. Kavutha kọ́kọ́ ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ìgbà tó yé e, ó gbé orí lé tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò wá mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó dìde, ó po tíì fún mi. Àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nìyẹn látìgbà tí mo ti dé.

Gbogbo ẹ̀ ti wá yé mi. Láàárọ̀, èrò pọ̀, ọkọ̀ á kún, á lọ tààrà. Tó bá di aago mẹ́wàá, èrò ti tán, ọkọ̀ á wà lórí ìdúró, ìgbà yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìdíbọ́n, ẹ́ńjìnnì ò ní sinmi títí di ọ̀sán. Mo lọ dúró létí títì ńlá fúnra mi lásìkò yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ̀ níbẹ̀.

Mo pe Ọ̀gá Kiprono.  Ó gbọ́ mi tán. "Syombua, ìtàn yìí dùn. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ò ní gba ìtàn. Jẹ́ kí wọ́n má díbọ́n fún ọjọ́ kan, kó o fi nọ́ńbà ọjọ́ yẹn hàn mí."

Òótọ́ ló sọ. Inú mi ò tiẹ̀ bàjẹ́. Mi ò tíì ṣe àṣìṣe tó dùn mọ́ mi nínú tó báyìí rí.

Mọ́ńdè, 30

Bàbá Kilonzi ni alága gáréèjì. Ó ti ń wa mátátù kí wọ́n tó bí mi. Èmi àti Mádáàmù Kavutha jọ lọ bá a. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́ mi tán láìjá lù mí. Ó wá ní kí n jọ̀ọ́ sọ fún òun, ta ló máa wọ ọkọ̀ tó dákẹ́? Ọkọ̀ tó ń lọ ni èrò ń wọ̀. Tí ti ẹnì kan bá dákẹ́, tí ti ẹnìkejì ń bú, ọ̀dọ̀ ẹnìkejì ni gbogbo wọn máa wọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an.

"Ọmọ mi, tí ilé-ìwé yẹn bá kúrò, àwa ni wọ́n fẹ́ fún nílẹ̀. O wá ń bẹ̀ mí pé kí n bá ẹ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ara mi."

Mádáàmù Kavutha bi í bóyá kò mọ̀ pé ọmọ àwọn dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kún kíláàsì òun. Bàbá ní òun mọ̀. Ó ní mátátù náà ló ń bọ́ wọn. 

Mi ò mọ ohun tó kó sí mi lórí. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn èéfín wà lápò mi, èyí tí mo máa ń gbé dání. Mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà nínú Àkùkọ tó ń díbọ́n lọ́wọ́. Ó wò mí, ó lọ. Ọkọ̀ sún, ó padà, ó sún, ó padà. Mo dúró lójú fèrèsé. Nọ́ńbà tó jáde ju ti fẹ́ǹsì ilé-ìwé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

"Kí ló dé tí nǹkan yìí fi pọ́n?"

"Ohun tí ẹ̀ ń fà símú ló kà, Bàbá."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí ẹ ti ń wakọ̀."

Ó tún wo ẹ̀rọ náà. Ó wo dẹ́rẹ́bà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ń wúkọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tẹ́nìkan ò kà á sí. Bàbá bọ́ọ́lẹ̀, ó dá ẹ̀rọ padà fún mi. Ó ní àwọn ò ní díbọ́n ní Tọ́sìdeé, ọjọ́ kan péré, tí èrò bá sá, kí n má padà wá mọ́.

Wẹ́sìdeé, 2 Oṣù Keje

Ọ̀la ni. Mo ti yẹ bátìrì wò títí tí mo fi sú ara mi.

Tọ́sìdeé, 3

Ayọ̀ fẹ́ pa mí! Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ létòlétò.

Àárọ̀ ò burú, ọkọ̀ ń kún, ó ń lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa tí èrò ti dín ni wàhálà dé. Gbogbo ọkọ̀ tò tẹ̀ léra wọn, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Èrò á dé, á wò wọ́n, á kọjá lọ dúró létí títì ńlá de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ibòmíì. Obìnrin kan bi Musyimi bóyá wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Bàbá Kilonzi ń wo èmi, èmi ń wo ilẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ramúramù. Àkùkọ ti ṣáná.

 Mo mọ̀ pé tí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn máa tẹ̀ lé e. Kí Bàbá tó lanu, obìnrin alápẹ̀rẹ̀, òun náà ló jẹ́ ọ̀gá àwọn èrò ẹ̀tàn, dìde nínú Àkùkọ. Wọ́n ò lé àwọn èrò ẹ̀tàn, torí Bàbá ní kí wọ́n máa jókòó lọ, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ìjà wà lórí ẹ̀. Ó yọjú sí dẹ́rẹ́bà.

"Ọdún mélòó ni orí ti ń fọ́ mi nínú ọkọ̀ yìí? Òní nìkan ni kò fọ́ mi. Pa iná yẹn."

Kò pa á. Obìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ọ́lẹ̀, gbogbo èrò ẹ̀tàn yòókù sì tẹ̀ lé e lọ sínú ọkọ̀ búlúù. Ó wá ku Àkùkọ nìkan, ó ṣófo, ó ń bú. Musyimi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà pa iná.

Musyimi yẹn! Bó ṣe dìde ló yí ohùn padà. Ó ń ké pé kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n wá sinmi, kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ara wọn, pé ọkọ̀ tó wà níwájú ni yóò kọ́kọ́ lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀ lónìí. Ìyá kan dúró, ó wo inú ọkọ̀, ó wọlé. Méjì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ búlúù kún, èrò gidi ni ọ̀pọ̀ wọn. Ó ṣáná, ó sọdá ìlà funfun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lọ. Mo pàtẹ́wọ́ fún mátátù bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba ẹ̀bùn.

Mo sáré lọ sídìí fẹ́ǹsì. Nọ́ńbà ti já wálẹ̀! Ó já débi tí mi ò gbọ́kàn lé. Agogo ìṣeré lù, àwọn ọmọ tú jáde. Látìgbà tí mo ti ń dúró síbẹ̀, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fúnra wọn. Ọmọbìnrin kan ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní olójú ewúrẹ́. Mádáàmù Kavutha dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wọn.

Fúráìdeé, 4

Wọ́n ti padà sí ìwà wọn. Àkùkọ ń díbọ́n látàárọ̀, nọ́ńbà ti fò sókè padà. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Sátidé, 12

Ọ̀gá Kiprono ti gbà. Ó ní èmi fúnra mi ni kí n dìde níwájú ìgbìmọ̀ kí n sọ pé èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ò tọ̀nà. Mo ní tayọ̀tayọ̀, Sà. Musyimi bi mí lánàá ìgbà tí a máa tún ṣe Tọ́sìdeé. Ó ní epo díísù ọjọ́ yẹn pẹ́ kó tó tán.

Tọ́sìdeé, 24

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyáàfin Nzilani ni alága ìgbìmọ̀, kì í rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ní nọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ fún wọn ò tọ̀nà. Ariwo sọ. Ẹnì kan lẹ́yìn ní irú èmi yìí ni wọ́n ń fowó ìlú bọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn: ìlà funfun, Àkùkọ, Tọ́sìdeé tó dákẹ́, Fúráìdeé tó bú.

Ìyáàfin Nzilani ní, "Àwọn ọkọ̀ tó o ní wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá yẹn, mélòó ni wọ́n jẹ́ gan-an?"

"Mọ́kàndínlógún, Mà. Wọ́n ń lọ látàárọ̀, wọn ò lọ síbì kankan."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tí mátátù ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún níbẹ̀. Ìyáàfin Nzilani náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá yíjú sí Bàbá Kilonzi, ó ní tí ilé-ìwé bá dúró, gáréèjì ò ní gba ilẹ̀ o. Ṣé ó wá lè ṣèlérí pé ẹ́ńjìnnì á máa dákẹ́? Gbogbo ojú lọ sára rẹ̀.  Bàbá ṣí fìlà.

"Ilẹ̀ ni mò ń wò tẹ́lẹ̀. Imú tèmi náà wà nínú gáréèjì yẹn, àti ti àwọn ọmọ mi. Ẹ fi ilé-ìwé sílẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ di òfin fún gbogbo gáréèjì, kó má ṣe jẹ́ tèmi nìkan ló máa dákẹ́."

Wọ́n nawọ́. Ilé-ìwé dúró. Mádáàmù Kavutha ò sunkún, kò pariwo. Ọrùn ọwọ́ mi ló dì mú, àpá ìka rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mọ́ńdè, 25 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n wọlé sáà tuntun lónìí. Mo wá ka nọ́ńbà ìkẹyìn, mi ò tíì dé ìdí fẹ́ǹsì tí Mádáàmù Kavutha ti ń pariwo mọ́ mi látẹnu ọ̀nà kíláàsì kékeré. Ó ní èmi ni mo fa wàhálà yìí. Àwọn tó lọ ti padà, wọ́n tún mú àbúrò wọn dání, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹni méjì ń jókòó lé, àwọn ìyá míì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní kí n lọ bá òun yá bẹ́ǹṣì ní gáréèjì.

Mo lọ. Bàbá Kilonzi fún mi ní méjì tí àwọn èrò ń jókòó lé. Ó ní kí n dá wọn padà tí àwọn ọmọ náà bá ti dàgbà.